Ṣé Omi Ló Dànù Ni, Tàbí Agbè Ló Fọ́? Ìtàn Dísíìkì Tó Ń Kú Lọ nínú Ètò Unix

Àwọn kan lára yín á máa béèrè pé kí ló pa ọmọ Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Yorùbá pọ̀ mọ́ ìtàn dísíìkì kọ̀ǹpútà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ohun tójú wa rí, ẹ ó sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní sáà tó kọjá, àwa mẹ́ta lọ gba ohùn ìjálá sílẹ̀ lẹ́nu bàbá ọdẹ kan fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá wa. Ìgbà mẹ́rin la lọ. Bàbá kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. Obì àti ọtí nìkan ni wọ́n gbà. Fáìlì mọ́kànlá la kó jọ sórí fíláàṣì kan ṣoṣo, a sì pa wọ́n rẹ́ lórí fóònù kí àyè lè gbà wá. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, bàbá papòdà. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sìnkú wọn gan-an ni fíláàṣì náà kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Kọ̀ǹpútà ní àfi ká fọ́ọ̀mátì rẹ̀ ká tó lè lò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín fọ́ọ̀mátì ẹ̀, á tún ṣiṣẹ́ dáadáa." Díẹ̀ báyìí ló kù ká gbà.

Ọ̀kan nínú wa ló rántí ẹ̀gbọ́n kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kọ̀ǹpútà, tó sì ń lo Linux. Ìbéèrè tí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ bi wá ni pé, "Ṣé omi ló dànù ni, tàbí agbè ló fọ́?" Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ní ìtumọ̀ tirẹ̀. Lórí dísíìkì, omi ni ètò tí wọ́n fi to fáìlì jọ: orúkọ fáìlì, ibi tó bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí. Agbè ni ara dísíìkì fúnra rẹ̀. Bí ètò bá dàrú tí ara dísíìkì sì le, oògùn kan wà fún un. Bí ara dísíìkì bá ń ṣàìsàn, oògùn ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tó bá fún agbè tó ń fọ́ ní oògùn omi tó dànù, òun gan-an ni yóò fọ́ ọ tán.

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wá lára. A bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn tó ṣe Unix ṣe dé orí ọgbọ́n yìí. Ìtàn tí a bá pàdé nìyí.

Ilé ni wọ́n ti mú un wá: Unix àti dísíìkì tó ṣeé yọ

Ọdún 1969 ni Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní ilé ìwádìí Bell Labs, ní Murray Hill, ìpínlẹ̀ New Jersey, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Unix ni ètò tó ń darí gbogbo kọ̀ǹpútà: òun ló ń pín iṣẹ́, òun ló ń ṣọ́ fáìlì, òun ló ń bá dísíìkì sọ̀rọ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ ni Linux tẹ̀lé, Linux yìí ló sì wà nísàlẹ̀ Android tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa.

Ìwé ìlànà Unix àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971. Àṣẹ méjì wà nínú rẹ̀ tí a ṣì ń lò títí dòní: mount àti umount. Lẹ́tà n kan ti sọnù nínú èkejì, kò sì sẹ́ni tó dá a padà láti ìgbà náà. Mount ni ká so dísíìkì mọ́ àwọn fáìlì tó kù. Umount ni ká tú u. Ìwé náà sọ ọ́ gbangba pé dísíìkì tó ṣeé yọ ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe àṣẹ yìí. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ dísíìkì àyọkúrò kì í ṣe àfikún ọjọ́ òní. Ọdún kẹta tí Unix dáyé ló ti wà nílé.

Ní oṣù keje ọdún 1974, Thompson àti Ritchie ṣàlàyé Unix nínú ìwé àtìgbàdégbà Communications of the ACM. Wọ́n sọ irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò: PDP-11/45. Dísíìkì kan wà nínú rẹ̀ tí kì í kúrò níbẹ̀. Ihò mẹ́rin wà fún dísíìkì kéékèèké tó ṣeé yọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè gba mẹ́gábáìtì 2.5. Fọ́tò kan ṣoṣo tí fóònù wa ń yà lónìí lè ju ìyẹn lọ. Àwọn ihò mẹ́rin yìí ni wọ́n fi sílẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ láti gbé dísíìkì tiwọn wá, kí wọ́n so ó, kí wọ́n ṣiṣẹ́, kí wọ́n tú u, kí wọ́n sì máa gbé e lọ.

Ẹni tó bá mọ DOS tàbí Windows mọ̀ pé dísíìkì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ló ní lẹ́tà tirẹ̀, A tàbí C tàbí E, bí ìgbà tí olúkúlùkù bá kọ́ ilé tirẹ̀. Ti Unix kò rí bẹ́ẹ̀. Agboolé kan ṣoṣo ló wà, yàrá la sì ń fún dísíìkì àlejò nínú agboolé náà. Àmọ́ òfin kan wà: fáìlì onílé kò gbọdọ̀ ní ìdè pẹ̀lú fáìlì àlejò, èyí ni pé orúkọ tó wà lórí dísíìkì kan kò lè jẹ́ ti fáìlì tó wà lórí òmíràn. Ìdí rẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí àlejò bá gbẹ́rù rẹ̀, wọn ì bá máa wá gbogbo ìdè náà kiri láti já wọn. Àwọn tó ṣe Unix mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé àlejò yóò lọ.

Ohun kejì tí a ní láti mọ̀ ni pé Unix kì í kọ nǹkan sórí dísíìkì lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń kó o sínú àká ìrántí ná, nítorí pé àká ìrántí yá ju dísíìkì lọ fíìfíì. Ìgbà tó bá yá ni yóò kó o dà sórí dísíìkì. Àṣẹ sync ló ń sọ fún un pé kó kó gbogbo rẹ̀ dà síbẹ̀ báyìí. Nígbà tí Unix Ẹ̀dà Keje jáde ní ọdún 1979, ètò kan tí wọ́n ń pè ní update wà nínú rẹ̀, tó ń pe sync ní ìṣẹ́jú àáyá 30-30. Àwọn àgbà Unix tún ní àṣà kan: wọ́n á tẹ sync lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó pa ẹ̀rọ. Ìgbà tí a ka èyí ni a wo ara wa lójú. Àwa kì í tú fíláàṣì wa. Ṣe la máa ń já a gbà bí ẹni já ẹ̀fọ́.

Oògùn méjì nínú àpò kan: fsck àti dd

Bí wọ́n bá yọ dísíìkì láìtú u, tàbí tí iná bá lọ lójijì, ètò fáìlì á dàrú. Fáìlì kan á máa sọ pé òun ló ni búlọ́ọ̀kù kan, fáìlì mìíràn á ní irọ́ ni, òun ló ni ín. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ètò kéékèèké bí icheck àti dcheck ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà lásán ni wọ́n ń tò jáde. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ni yóò rò ó fúnra rẹ̀ kó tó mọ ohun tó máa ṣe.

T. J. Kowalski, ní Bell Labs kan náà, ló kọ fsck, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ nínú ìwé kan ní ọdún 1978. Ìpele márùn-ún ni fsck ń gbà. Á kọ́kọ́ wo búlọ́ọ̀kù tí fáìlì kọ̀ọ̀kan pè ní tirẹ̀. Á wo orúkọ àti fódà. Á wò ó bóyá fódà kankan ti já sílẹ̀ lára igi. Á ka iye orúkọ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ní. Ní ìparí, á yẹ àkọsílẹ̀ àwọn búlọ́ọ̀kù tó ṣófo wò. Fáìlì tó bá rí tí kò lórúkọ mọ́, kì í sọ ọ́ nù. Fódà kan tó ń jẹ́ lost+found ló ń kó o sí, bí ìgbà tí wọ́n bá mú ọmọ tó sọnù lọ́jà lọ sí ààfin kí òbí rẹ̀ lè wá mú un. Àwọn tó bá ń lo Linux ṣì máa ń rí fódà yìí lórí ẹ̀rọ wọn.

Fsck ni oògùn omi tó dànù. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń tún nǹkan ṣe ló ń kọ̀wé sórí dísíìkì, ó sì gbà pé ohun tí dísíìkì bá sọ fún òun jóòótọ́. Bí ara dísíìkì bá ti ń bàjẹ́, tó ń sọ ìsọkúsọ, fsck lè fọwọ́ ara rẹ̀ gé fáìlì tó dára dànù.

Oògùn kejì ti wà ní ilé kí fsck tó dé. Dd bá Unix Ẹ̀dà Karùn-ún wá ní ọdún 1974. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, if=, of=, kò jọ àṣẹ Unix yòókù; ìlànà àwọn ẹ̀rọ ńlá IBM ló fara jọ. Dd kò mọ fáìlì, kò mọ fódà. Búlọ́ọ̀kù ló mọ̀. Á mú ọ̀kan, á kọ ọ́ síbòmíràn, á mú èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú Ẹ̀dà Keje, èèyàn lè fi conv=noerror,sync kún un. Noerror túmọ̀ sí pé bó bá kan ibi tó ti bàjẹ́, kó má dúró. Sync ti ibí yìí yàtọ̀ sí ti òkè: ó ń fi òdo dí ihò tó ṣẹ́ kù, kí ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má bàa sún kúrò láyè rẹ̀.

Èrò tó wà lẹ́yìn dd ló ṣe pàtàkì: má ṣe tún aláìsàn ṣe lórí ibùsùn ikú. Ya ẹ̀dà rẹ̀, kó o lọ tún ẹ̀dà ṣe. Àléébù dd ni pé kò lọ́gbọ́n ìrìn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ló ń lọ tààrà. Bó bá kan ibi tó le, ibẹ̀ ni yóò ti máa fagbára dísíìkì ṣòfò, bí dísíìkì bá sì kú sí i lọ́wọ́, ohun rere tó wà níwájú bá a lọ nìyẹn.

Ayé dísíìkì pẹlẹbẹ, àti akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki

Ọdún 1971 ni IBM gbé dísíìkì pẹlẹbẹ jáde, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí floppy. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ínṣì 8, wọ́n sì ń fi í kó àwọn ìtọ́sọ́nà wọnú àwọn ẹ̀rọ ńlá wọn. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ Shugart mú un wá sí ínṣì 5¼. Lẹ́yìn ìyẹn ni Sony ṣe ti ínṣì 3½, èyí tí àwọn òbí wa mọ̀ jù, tó ń gba mẹ́gábáìtì 1.44 láti 1987. Ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi èròjà òòfà pa lára ni. Ohun tó sì ń ka ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ máa ń fara kàn án bó ṣe ń yí. Ìkà kọ̀ọ̀kan ló ń ha á díẹ̀. Eruku ọ̀tá rẹ̀ ni, òòfà ọ̀tá rẹ̀, ooru náà ọ̀tá rẹ̀.

Ní 1987, Andrew Tanenbaum, olùkọ́ ní yunifásítì kan ní Amsterdam, kọ Minix, ètò kékeré tó jọ Unix, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́. Ní 1991, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Helsinki, nílẹ̀ Finland, tó ń lo Minix, bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Linus Torvalds ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa. Iṣẹ́ yẹn ló di Linux.

Orí dísíìkì pẹlẹbẹ méjì ni Linux kọ́kọ́ ń gùn dé ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn: èyí tó ń jí ẹ̀rọ, àti èyí tó ru àwọn fáìlì. Nígbà tí Slackware dé ní 1993, dísíìkì náà ti di ìtì. Ẹni tó bá ń tò ó sórí ẹ̀rọ á máa fi wọ́n bọnú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì bàjẹ́ láàárín, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àwọn tó kọ́ Linux mọ ìyà dísíìkì tó ń kú dénú eegun.

Èyí hàn nínú ext2, ètò fáìlì tó dé ní 1993, tí Rémy Card jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó kọ ọ́. Gbogbo dísíìkì ló ní ojú ewé kan tó ṣàlàyé gbogbo ìyókù. Superblock ni wọ́n ń pè é. Bí ojú ewé yẹn bá bàjẹ́, dísíìkì di ahoro. Ext2 wá ń tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ káàkiri ara dísíìkì. Lórí dísíìkì tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ kílóbáìtì 1, ẹ̀dà àkọ́kọ́ wà ní búlọ́ọ̀kù 8193. Èèyàn lè sọ fún e2fsck pé kó lọ kà á níbẹ̀. Ètò badblocks náà wà, tó ń wá ibi tó ti kú lórí dísíìkì kí wọ́n lè yẹra fún un.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà. Bí Linux bá kan àṣìṣe nínú ètò fáìlì, ó lè ti ilẹ̀kùn ìkọ̀wé kó sì fi ti ìkàwé sílẹ̀: errors=remount-ro ni wọ́n ń kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ti rí i tí fíláàṣì ṣàdédé kọ̀ tí kò gba ohun tuntun mọ́, tí a ní fáírọ́ọ̀sì ni. Nígbà mìíràn, àánú ni. Ẹ̀rọ ń sọ pé: kó ohun tí o bá lè kó, má fi kún un.

Èyí tó ń ké àti èyí tí kì í ké

Ní àárín ọdún 1990 sí 2000, Zip ti ilé-iṣẹ́ Iomega gbajúmọ̀. Mẹ́gábáìtì 100 ni ti àkọ́kọ́ ń gbà. Àìsàn kan kọlu ọ̀pọ̀ nínú wọn: ohun tó ń ka dísíìkì á máa lọ á máa bọ̀, á máa ró kẹ́kẹ́, kẹ́kẹ́. Ẹni tó bá gbọ́ ọ mọ̀ pé ikú ti dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ nílẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1998.

Ọdún 2000 ni fíláàṣì USB bọ́ sọ́jà. Ilé-iṣẹ́ Trek ní Singapore ta tirẹ̀. IBM náà ta èyí tí M-Systems ti Ísírẹ́lì ṣe, tó ń gba mẹ́gábáìtì 8. Ìmọ̀ tó wà nínú rẹ̀ ti wà ṣáájú: Fujio Masuoka, ní Toshiba nílẹ̀ Japan, ló gbé e jáde ní àwọn ọdún 1980. Kò sí ohun tó ń yí nínú fíláàṣì. Iná mànàmáná bíńtín ni wọ́n tì mọ́ inú àwọn yàrá kéékèèké. Gbogbo ìgbà tí a bá pa ohun kan rẹ́ tí a sì tún kọ òmíràn ni ògiri yàrá náà ń gbó sí i. Nígbà tó bá yá, kò ní lè di iná náà mú mọ́. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, èérún kékeré tó ń darí àwọn yàrá náà ló máa kú, gbogbo rẹ̀ á sì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Zip a máa ké kó tó kú. Fíláàṣì kì í ké. Ìdí nìyẹn tí ti fíláàṣì fi máa ń bá ni lójijì.

Bí a ṣe kó ohun bàbá

Ní 2004, Antonio Diaz Diaz gbé GNU ddrescue jáde. Òun ló fún dd ní ọgbọ́n ìrìn. Bí ilé bá ń jó, ohun tó wà nítòsí ilẹ̀kùn la kọ́kọ́ ń kó, a kì í dúró máa fa àpótí tó há. Bí ddrescue ṣe ń ṣe nìyẹn. Á kọ́kọ́ kó gbogbo ibi tó rọrùn, á fo ibi tó le. Lẹ́yìn náà ni yóò padà wá, tí yóò máa rẹ́ etí ibi tó bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohun gbogbo tó bá ṣe ló ń kọ sínú fáìlì kan tó jẹ́ àwòrán ọ̀nà rẹ̀, kí iná tó bá lọ má bàa dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kò so fíláàṣì wa rárá. Ó fi dmesg wo ohun tí ẹ̀rọ ń sọ. "I/O error" ló kún ibẹ̀. Ó ní, "Agbè ló fọ́." Ó fi lsblk wo orúkọ tí fíláàṣì ń jẹ́, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì, nítorí pé ẹni tó bá ṣi orúkọ kọ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu kọ̀ǹpútà rẹ̀ nù. Ó wá tẹ:

ddrescue -n /dev/sdb ijala.img ijala.map
ddrescue -d -r3 /dev/sdb ijala.img ijala.map

Àkọ́kọ́ kó èyí tó rọrùn. Èkejì padà sí ibi tó le, ó sì gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí ló fi ṣiṣẹ́, a sì jókòó tì í bí ẹni ń ṣọ́ aláìsàn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n tún ya ẹ̀dà ijala.img, orí ẹ̀dà yẹn ló ti lo fsck. Èyí tí fsck kò rí, ó fi PhotoRec, iṣẹ́ Christophe Grenier, wá a. PhotoRec kì í béèrè orúkọ. Ojú ló fi ń dá fáìlì mọ̀.

Nínú mọ́kànlá, mẹ́jọ padà láìlábùkù. Méjì padà pẹ̀lú ihò: nínú ọ̀kan, bàbá wà láàárín oríkì ẹfọ̀n, ohùn wọn já lójijì, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Nínú iṣẹ́ àpilẹ̀kọ wa, a kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ohùn já níhìn-ín", a kò sì fi ọ̀rọ̀ tiwa dí i. Ìkọkànlá lọ pátápátá. Òun ni bàbá ti sọ bí baba tiwọn ṣe kọ́ wọn ní ìjálá. Kò sí ẹni tí a ó tún lọ bi.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé láti 1971 ni àwọn tó ṣe Unix ti mọ̀ pé dísíìkì tó bá ṣeé yọ, àlejò ni. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà, láti umount dé ddrescue, ọgbọ́n bí a ṣe ń gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò tó ń lọ ni. Àwa la sọ àlejò di onílé tí a kó gbogbo ẹrù wa lé lọ́wọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sóko ìwádìí ní sáà yìí, igi gògòrò má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ má ṣe pa ohùn rẹ́ lórí fóònù títí ẹ ó fi ní ẹ̀dà méjì níbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ tú fíláàṣì kẹ́ ẹ tó yọ ọ́. Bó bá sì kọ̀ láti ṣí, ẹ má fọ́ọ̀mátì, ẹ má tún kọ nǹkan kan sí i. Ẹ yọ ọ́, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó máa kọ́kọ́ bi yín bóyá omi ló dànù ni tàbí agbè ló fọ́. Àwọn bàbá àti ìyá tí à ń gba ohùn wọn kò ní dúró dè wá kí fíláàṣì wa tó yá.